Wọ́n ní kí n wá bá àwọn olùwádìí jẹjẹrẹ jókòó ní Àkúrẹ́. Kí ni kí n bá wọn sọ?

Ìyá Aláṣọ Arákalẹ̀ (Ọjọ́ Àìkú, agogo 9 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Àwọn tó ti pẹ́ níbí mọ ìtàn mi. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára mi. Wọ́n gé e, mo gba kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo gba ìtọ́jú onítànṣán, mo sì ń lo oògùn tamoxifen lójoojúmọ́ báyìí. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ní kí n fi lò ó. Mo ti padà sí ìsọ̀ mi, ara sì ti ń mókun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dókítà kan pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń fa á tí àwọn obìnrin wa fi ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, àwọn sì ń wá ẹni márùn-ún tí àìsàn náà ti ṣe rí. Mo ní ṣé ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ gbà ni? Ó ní rárá. Ó ní ìwé ìbéèrè tí àwọn kọ ni àwọn fẹ́ kí a bá àwọn yẹ̀ wò kí àwọn tó gbé e jáde, kí a sọ ibi tó tọ́ àti ibi tí kò tọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, kí ni mo fẹ́ sọ lójú purofẹ́sọ̀? Àmọ́ ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo jókòó tì í. Ìbéèrè kẹrìnlá ni mo kà tí mi ò fi lè sùn. Ó ní: "Kí ló mú kí o dúró pẹ́ kí o tó wá sí ilé ìwòsàn?" Wọ́n wá to ìdáhùn sísàlẹ̀ kí èèyàn mú nínú rẹ̀: ìbẹ̀rù, àìmọ̀kan, alágbo, wòlíì, àìlówó, ọkọ kò gbà.

Kò sí tèmi níbẹ̀. Èmi kò dúró. Ọjọ́ kẹta tí mo fọwọ́ kan kókó náà ni mo ti wà níwájú dókítà. Ní ibi àkọ́kọ́, wọ́n ní wàrà ló dì, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú ni. Wọ́n kọ oògùn fún mi. Ní ibi kejì, wọ́n ní kí n lọ ṣe nǹkan oṣù mi kí n tó padà wá. Ní ibi kẹta, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmú ti bàjẹ́, wọ́n ní kí n máa pe àwọn. Ibi kẹrin ni wọ́n ti gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Oṣù méje gbáko. Oṣù méje ni mo fi ń rìn, ìwé wá ń bi mí pé kí ló dé tí mo dúró.

Ṣé kí n lọ? Tí mo bá sì lọ, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dà bíi pé ìjà ni mo gbé wá?

Ọmọ Ìjàpò (Ọjọ́ Àìkú, agogo 10 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ni pé kí ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí ìyá mi wà lórí ibùsùn, àwọn onífọ́ọ̀mù wá bá wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ béèrè iye ọmọ tí wọ́n bí, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, irú epo tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Ẹni kejì tún bi wọ́n ní ohun kan náà. Ọjọ́ tí ẹni kẹta dé, Màmá ò lè gbé orí sókè mọ́, èmi ni mo dáhùn. Wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé, wọ́n lọ. Títí di òní tí Màmá ti pé ọdún méjì nínú ilẹ̀, kò sẹ́ni tó padà wá sọ pé ohun tí a rí nìyí. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti gba oyè wọn.

Ẹ sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano lọ́dún 1996, nígbà tí iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tó ní àrùn yírunyírun. Àwọn òbí ní wọn kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ó dé Amẹ́ríkà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Nọ́ọ̀sì Òru (Ọjọ́ Ajé, agogo 6 àárọ̀)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ọmọ Ìjàpò, ẹ kú ìrọ́jú Màmá. Ohun tí ẹ sọ kì í ṣe irọ́, ojú mi rí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ti Màmá, wọ́n wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ni. Ti Ìyá Aláṣọ, wọ́n ní kó wá bá àwọn tún ìbéèrè náà ṣe kó tó dé etí aláìsàn kankan. Tí ẹnì kan bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìwé yẹn tó dé ibùsùn Màmá, bóyá wọn ò bá tí bi wọ́n ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìyá Aláṣọ, ẹ lọ o, mà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ rèé. Kò sí ìwádìí kan tí wọ́n lè ṣe lára èèyàn lórílẹ̀-èdè yìí láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lára wọn ti fọwọ́ sí i. Òfin ìlànà wọn ti wà láti 2007, ó sì sọ pé ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n: ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí i? Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú.

Kò sì yẹ kí ẹ máa rò pé ìwé yín kò tó. BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, ẹni tí àìsàn náà ṣe fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1997: Betty Anyanwu-Akeredolu, tipẹ́tipẹ́ kó tó di ìyàwó gómìnà ìpínlẹ̀ wa. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Leeds (Ọjọ́ Ajé, agogo 1 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n mi Aláṣọ, mo kí yín o. Ìyàwó mi ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ níbí, òun náà ń bá àwọn olùwádìí jókòó, torí náà mo mọ díẹ̀ níbẹ̀.

Níbí ní Ìlú Ọba, ó ti di àṣà. Láti ọdún 2004 ni ètò kan ti wà tó ń jẹ́ James Lind Alliance. Wọ́n á kó aláìsàn, ará ilé tó ń tọ́jú aláìsàn, àti oníṣègùn sínú yàrá kan náà. Wọ́n á ti kọ́kọ́ gba ìbéèrè jọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á yọ èyí tí ìwádìí ti dáhùn kúrò, wọ́n á wá jọ fà á títí tí wọ́n á fi fẹnu kò lórí 10 tó ká wọn lára jù. Ohun tó máa ń jáde níbẹ̀ máa ń ya àwọn dókítà lẹ́nu. Àwọn ń ronú oògùn tuntun, aláìsàn á ní ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe sí àárẹ̀ yìí tí kò jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn?

Ó ti wà ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìyẹn. Lọ́dún 1974, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Rose Kushner rí kókó lọ́mú rẹ̀. Lásìkò yẹn, tí wọ́n bá fi oògùn oorun kun obìnrin kí wọ́n lè yẹ kókó rẹ̀ wò, tí wọ́n bá sì rí jẹjẹrẹ, wọ́n á gé ọmú náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó bá jí ló máa tó mọ̀. Kushner ní òun kò gbà. Ó ní ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí n jí, ká wá jọ sọ̀rọ̀. Ó tẹ dókítà púpọ̀ láago kó tó rí ẹni tó gbà fún un. Nígbà tó di 1979, tí ìjọba wọn kó àwọn onímọ̀ jọ láti jíròrò ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, ó wà lára àwọn tó jókòó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ pé kí wọ́n ya àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ sọ́tọ̀. Lọ́dún 1992 ẹ̀wẹ̀, àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú pariwo títí ìjọba fi gbé 210 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ fún ìwádìí. Àwọn fúnra wọn wà lára àwọn tó ń dìbò lórí ẹni tí owó yẹn máa kàn.

Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìjà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ka ìbéèrè kẹrìnlá sí etí wọn, kí ẹ wá ka ibi mẹ́rin tí ẹ dé. Ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè ṣáájú ni owó ọkọ̀ àti owó ọjọ́ tí ẹ fi ti ìsọ̀ pa. Wọ́n ń gbowó iṣẹ́ wọn lórí ìjókòó yẹn. Kò yẹ kó jẹ́ aláìsàn nìkan ni yóò fi ọ̀fẹ́ wá.

Ọmọ Ekímọ̀gún (Ọjọ́ Ajé, agogo 8 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o. Láti Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti pé ẹni ọdún 71. Jẹjẹrẹ próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ni tèmi. N kò sọ ọ́ ní gbangba rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbéèrè kẹrìnlá yẹn ló yọ ọ́ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, bẹ́ǹṣì gígùn kan ni wọ́n kó gbogbo wa jọ sí. Nọ́ọ̀sì kan yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó na káàdì sókè, ó ké: "Àwọn bàbá tí ìtọ̀ ò dá lára wọn, ẹ bọ́ síbí!" Mo wo ọwọ́ òsì mi, ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò ló jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Mo wo iwájú, òmíràn nìyẹn. "Ẹ káàárọ̀, sà," ló kí mi. Mo dá a lóhùn. N kò dìde. Wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò dìde. Nígbà tí èrò dínkù, mo gba ẹ̀yìn ilé oògùn jáde, mo wọ ọkọ̀, mo padà sílé. Oṣù márùn-ún ni mo lò kí n tó tún lọ.

Tí wọ́n bá fi ìwé yẹn bi mí, "ìbẹ̀rù" ni mo máa mú, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá yìí bẹ̀rù. N kò bẹ̀rù ikú, ẹ gbà mí gbọ́. Ohùn kan láti ẹnu ọ̀nà ni.

Ìyá Aláṣọ, ẹ rántí Àbíyè, ètò ìtọ́jú aboyún ní ìpínlẹ̀ wa? Lọ́dún 2009, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ètò yẹn ni pé wọn kò gbé gbogbo ẹ̀bi lé aboyún lórí. Wọ́n ka ìdádúró sí mẹ́rin: kí obìnrin tó pinnu pé òun ń lọ, kí ó tó rí ọkọ̀ dé ibẹ̀, kí wọ́n tó dá a lóhùn níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibi tó ju ibẹ̀ lọ. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ tó ń lọ bá àwọn aboyún nílé, wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù. Nígbà tó yá, wọ́n bá àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ náà jókòó, wọn kò lé wọn. Orí ilẹ̀ Oǹdó níbí ni wọ́n ti ṣe é, kí ló dé tí ti jẹjẹrẹ kò fi lè rí bẹ́ẹ̀? Ẹ kà á fún wọn.

Ìyá Ìjọ Ọ̀bà-Ilé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 7 àárọ̀)

Bàbá wa, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ọlọ́run á fún yín lókun.

Ìyàwó aláìsàn ni mí. Ìfun ni ti ọkọ mi, Ìbàdàn ni a ti ń gba kẹ́mò. Mo fẹ́ kí Ìyá Aláṣọ bá mi gbé ọ̀rọ̀ kan lọ síbẹ̀. Agogo 4 àárọ̀ la máa ń dé gáréèjì Iléṣà. Mo máa ń tẹ́ aṣọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀ torí kò lè jókòó pẹ́. Tí a bá débẹ̀, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èsì á jáde ní agogo 2 ọ̀sán: PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, 25. Ẹ̀jẹ̀ ò tó, ẹ padà lọ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran, kí ẹ tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni a fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ra "ẹ padà lọ". Ṣé wọn ò lè gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a bá ṣe ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ni? Àyẹ̀wò kan náà ni!

Ọ̀rọ̀ kejì. Wòlíì tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn kò bá mi lára mu. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń dá èèyàn dúró lórí òkè. Àmọ́ wòlíì ìjọ tiwa ló sọ fún ọkọ mi pé, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń yà yìí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, àdúrà á máa bá yín bọ̀." Òun ló san owó káàdì. Tí ìwé bá ti fi wòlíì sí ìlà ẹlẹ́bi kí ó tó béèrè, ta ló máa sọ irú èyí fún wọn?

Ìkẹta, àwọn márùn-ún wo ni wọ́n pè? Gbogbo yín lẹ ń gbé Àkúrẹ́, gbogbo yín lẹ ní WhatsApp, gbogbo yín lẹ yè é. Àwọn ará Ìlàjẹ tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Àwọn ará Àkókó ńkọ́? Àwọn tó ti kú náà ní ohun tí wọn ìbá sọ.

Lábù Oǹdó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 12 ọ̀sán)

Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ bi Ìyá Aláṣọ ní ìbéèrè kan: ẹran tí wọ́n gé lára yín lọ yẹ̀ wò, ta ló gbé e dé lábù, inú kí ni wọ́n sì fi sí?

Ìyá Aláṣọ Arákalẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 4 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi ọkùnrin ni. Inú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ funfun. Wọ́n fún un ní ìwé, wọ́n ní kó gbé e lọ sí ìlú míì torí èsì máa yá níbẹ̀. Ó fi ọ̀rá dúdú wé e. Ọjọ́ Ẹtì ni. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti tilẹ̀kùn, ó gbé e padà wálé. Orí fíríìjì ló wà títí di ọjọ́ Ajé. Mi ò jẹ́ wo apá ibẹ̀. Mo ń gba inú ilé ìdáná kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ òkú kọjá. Kí ló dé tí ẹ fi béèrè?

Lábù Oǹdó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 5 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ẹran yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú fọ́málìn, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kó jẹrà, kíá, fọ́málìn náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ẹran lọ dáadáa, ìlọ́po mẹ́wàá ni wọ́n ń sọ. Fún àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá họ́mọ́ọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, wákàtí 6 sí 72 ni ìlànà ní kó lò nínú rẹ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èsì lè sọ pé kò sí nígbà tó wà. Èsì yẹn ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá tamoxifen máa ṣiṣẹ́ fún obìnrin. Mo ti gba ìgò tí omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀ dípò fọ́málìn. Mo ti gba èyí tó gbẹ.

Àwọn olùwádìí máa ń jókòó pẹ̀lú èsì wa, wọ́n á máa ṣírò iye obìnrin tí họ́mọ́ọ̀nù kò sí nínú jẹjẹrẹ wọn. N kò tíì rí ẹni tó béèrè ọ̀nà tí ìgò gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Inú ìwé kankan kò sí i. Ọmọ yín ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwádìí (Ọjọ́rú, agogo 11 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé tí Ìyá wa gbà, àmọ́ ìbéèrè bíi kẹrìnlá yẹn wà nínú iṣẹ́ tèmi náà, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Inú ìwé àwọn tó ṣíwájú wa la ti ń dà á kọ. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ obìnrin wa ló jẹ́ pé ìgbà tí àìsàn bá ti dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin ni wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn tó lè ṣe nǹkan kan. Nítorí pé ó pẹ́ kó tó dé, a gbà pé òun ló dúró. Mo ti yọ ìbéèrè náà kúrò láàárọ̀ yìí. Mo ti gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ obìnrin 19 pẹ̀lú rẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe sí àwọn yẹn.

Ọmọ Ìjàpò, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí irú wa ṣe kí ẹ tó lè gbà wá gbọ́?

Ọmọ Ìjàpò (Ọjọ́rú, agogo 9 alẹ́)

Kí ẹ padà wá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí, ní èdè tí Màmá mi gbọ́, fún ẹni tó bá ṣì wà láyé tàbí ọmọ rẹ̀. Kí ó wà lákọsílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ ojú àánú.

Ìyá Aláṣọ Arákalẹ̀ (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ẹtì, agogo 8 alẹ́)

Mo lọ o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Àwa márùn-ún la wá, àwọn olùwádìí jẹ́ mẹ́rin. Wọ́n fi òyìnbó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi àwòrán han wá lára ògiri. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ti apá Ìdànrè wá, ó kàn ń ká etí gèlè rẹ̀, ó ń tú u. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó ní ìgboyà. Mo na ọwọ́ sókè, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè máa sọ Yorùbá? Purofẹ́sọ̀ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun náà ọmọ Àkókó ni, kí la tiẹ̀ ń wá nínú òyìnbó. Láti ìgbà yẹn ni ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ka ìbéèrè kẹrìnlá. Mo ka ibi mẹ́rin mi àti oṣù méje mi. Mi ò gbé ohùn sókè. Ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé ti èmi yàtọ̀, pé ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró lóòótọ́. Ìgbà náà ni ìyá Ìdànrè yẹn la ẹnu. Ó ní òun dúró ní tòun. Oṣù kẹfà ni òun fọwọ́ kan kókó náà, òun sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun rere. Ó ní, "Kókó wà lọ́mú mi, àmọ́ kòkó ṣì wà lórí igi." Àfi tí wọ́n bá ká kòkó, tí wọ́n sá a, tí wọ́n tà á, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, kí owó tó wọlé. Wọ́n bi í pé ṣé kí àwọn mú "àìlówó" fún un. Ó ní rárá, òun kì í ṣe aláìlówó, òun ní oko. Ìgbà ni kò tíì tó.

Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ̀wé fi bírò sílẹ̀, ó ń wò ó.

Bí ìbéèrè náà ṣe rí báyìí rèé: "Láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ibo lẹ kọ́kọ́ lọ? Kí ni wọ́n sọ fún yín níbẹ̀? Ibo lẹ tún lọ lẹ́yìn ìyẹn?" Ààyè ibi mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú oṣù. Wọ́n fi òmíràn kún un: "Ìgbà wo nínú ọdún ni owó máa ń wọlé fún yín?" Wòlíì kò sí nínú ẹlẹ́bi mọ́, ó ti di ọ̀kan lára ibi tí èèyàn lè dé. Ti ìgò náà wọlé: ta ló gbé e, ọjọ́ mélòó, inú kí ni. Lábù Oǹdó, ẹ ṣeun, wọ́n ní ẹni tó kọ́ mi mọṣẹ́ rẹ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ekímọ̀gún láìdárúkọ. Mo ka ti Àbíyè náà. Wọ́n gbà pé ìdádúró mẹ́rin yẹn làwọn máa fi to ìwé náà.

Ibi tí kò dùn mọ́ mi ni ti PCV. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn alákòóso ilé ìwòsàn nìyẹn, kò sí lọ́wọ́ olùwádìí. Mo ní ta ni kí a bá sọ ọ́ nígbà náà? Wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́. Ìyá Ìjọ, ẹ má bínú, mi ò gba ìdáhùn gidi kankan bọ̀ fún yín. Màá tún gbé e dìde. Ti àwọn ará Ìlàjẹ, wọ́n ní owó àwọn kò tíì gbé e débẹ̀.

Wọ́n fún wa lówó ọkọ̀ àti owó ọjọ́. Ohun tí Ọmọ Ìjàpò béèrè ti wọ inú ìwé tó ń lọ sí ìgbìmọ̀: wọ́n máa pe àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè jọ, wọ́n á ka èsì fún wọn ní Yorùbá. Mo ní kí wọ́n kọ "tàbí ọmọ wọn" kún un. Ojú mi ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ọmọ Ekímọ̀gún (Ọjọ́ Ẹtì, agogo 9 alẹ́)

Ẹ ṣé, ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ tẹnu ọkùnrin, mo wà ní Oǹdó. Kí ẹ sì dárúkọ mi.

Ọmọ Ìjàpò (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, agogo 6 àárọ̀)

Mi ò sùn dáadáa lánàá. Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí Màmá ń ṣàìsàn, mo ní ìwé àjákọ kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo ibi tí a dé sí, ọjọ́, iye tí a san, ohun tí wọ́n sọ. Èmi ni mo ń wà wọ́n kiri. Mo mú un jáde lóru, mo kà á. Ibi mọ́kànlá ni. Mi ò mọ̀ bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wúlò fún wọn, níwọ̀n ìgbà tí Màmá ò sí mọ́.

Ìyá Aláṣọ Arákalẹ̀ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, agogo 7 àárọ̀)

Ó wúlò, àbúrò mi. A tún ń jókòó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, agogo 10. Kọ́kọ́ wá sí ìsọ̀ mi, ká jọ lọ. Lọ ṣe fótókópì rẹ̀ lónìí, ìyẹn ni kí o fún wọn. Má jẹ́ kí ojúlówó rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ.